Àyà Ló Fà Á, Orúnkún Ló Dáhùn

"Mí jáde. Mí gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ̀wù yìí kì í gba ẹni tó bá di èémí mọ́nú."

Ìbírónkẹ́ mí jáde. Ọ̀gá Súnmọ́nù, tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀wù-ara ní Ojúde Ẹ̀bẹ̀, fa okùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀wù náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí aṣọ tí òjò pa. Ìbírónkẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, làálì àná ṣì wà lórí èékánná rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ sáré gba inú òwú aṣọ náà kọjá, làálì pòórá. Ọwọ́ arúgbó ọkùnrin ló kù níbẹ̀, iṣan rẹ̀ yọ, òrùka ìjòyè wà lórí ìka rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ó wí, ó sì fi orúnkún kanlẹ̀ bó ti máa ń ṣe láti kékeré.

Ọ̀gá Súnmọ́nù figbe ta. "Wò ó! Ṣé Olóyè Láṣebìkan ló ń kúnlẹ̀ kí mi yìí? Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Jọ̀ọ́, bọ́ orúnkún yẹn sílẹ̀ níbí pẹ̀lú bàtà rẹ, kí o tó sọ wá di ẹni ẹ̀sín."

"Ẹ má bínú, sà. Ara ló gbàgbé."

"Ara kì í gbàgbé, ọmọ yìí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àdìó ni ìbá gbé iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin ni, ó sì ga tó Olóyè. Àmọ́ Àdìó já bọ́ lórí alùpùpù afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ti fi igi di itan rẹ̀. Nínú gbogbo afaraṣojú tó kù ní ìlú, àwọn tó ń fi ara tiwọn ṣojú ẹlẹ́bẹ̀ tí kò lè wá fúnra rẹ̀, Ìbírónkẹ́ nìkan ni ẹ̀wù náà bá mu wẹ́kú.

"O ti gbé ọkùnrin rí, àbí?"

"Mo ti gbé méjì, sà. Ọ̀kan ń du ipò, èkejì ń bú ẹni tó gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ká agbádá sórí èjìká, mo mọ bí wọ́n ṣe ń na ìka sí èèyàn."

"Ọkùnrin tó ń gbéra ga nìyẹn. Ìyẹn ò le. O gbé èyí tó ń bẹ̀bẹ̀ rí?"

"Rárá, sà."

Ọ̀gá Súnmọ́nù so ìbòrí mọ́ ọn lọ́rùn. "Òfin ńkọ́? Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ohun tí ẹlẹ́bẹ̀ bá fi ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, afaraṣojú lè bá a parí rẹ̀. Ohun tí ẹlẹ́bẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀, afaraṣojú kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Bí o bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Òṣùwọ̀n tó ń wọn ara méjèèjì á ké, ẹ̀bẹ̀ á bàjẹ́. Kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀ràn kan."

"Ó dáa. Dókítà ní bàbá yẹn kò ní í rí òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Bó bá kú láìrí ìdáríjì, Ilé Oríkì á gbé ẹnu kúrò lórí ìdílé wọn. Láàárọ̀, tí wọ́n bá ń ki gbogbo ilé tó wà ní ìlú yìí látorí ilé gogoro yẹn, wọ́n á fo tiwọn. Ọmọ tuntun á máa sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyá ò ní í lè fi oríkì bàbá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, kí ọlọ́pàá má bàa kan ilẹ̀kùn. Ohun tí o gbé sọ́rùn nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀wù."

"Mo gbọ́, sà."

"Ọlọ́run Ọba á fi ẹ̀rọ̀ sí i."

"Àmín."

Nínú ìbòrí, ohùn kan wúkọ́.

"Ta ni mo wọ̀ lára yìí?" Ọ̀rọ̀ náà ń fà, torí apá ọ̀tún ẹnu bàbá náà ti kú pẹ̀lú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Orí ibùsùn ló wà ní òdìkejì ìlú, okùn tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ ọn láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bá a mí kò ṣé gbé kúrò lára ògiri.

"Ìbírónkẹ́ ni, Bàbá. Ẹ kú ìnira."

"Obìnrin?" Ó ṣe díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Obìnrin ló kọ́kọ́ gbé mi. Kí obìnrin náà gbé mi kẹ́yìn. Ṣé o mọ̀ pé nígbà èwe wa, èèyàn lè jókòó sílé kó fi àwòrán ara rẹ̀ bẹ ìlú? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò gba àwòrán gbọ́ mọ́."

"Àwòrán ti parọ́ jù, Bàbá. Ìyá mi ní ohùn bàbá òun tó ti kú ni wọ́n fi pe òun jáde nílé lọ́jọ́ tí olè wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹran ara fi gbọ́dọ̀ dúró níwájú wọn, kó máa mí, kí wọ́n máa wò ó." Ó tún wúkọ́. "Gbọ́ mi kí a tó jáde. Wọ́n ní mo parọ́ fún àwọn ará Odò-Àmọ̀. Ẹnu mi kò parọ́. Ohùn mi wà nípamọ́, ilé ẹjọ́ gbọ́ ọ, wọ́n dá mi láre. Mo ní, 'Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́, omi adágún ń bọ̀.' Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo wí."

"Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ yín, Bàbá?"

"Ọwọ́ mi."

Ìbírónkẹ́ wo ọwọ́ arúgbó tó wà lára rẹ̀.

"Bí mo ti ń sọ ọ́, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, mo ń tẹ afẹ́fẹ́ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń pa ọmọ lẹ́kún. Mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn àlejò tó ni àwọn ẹ̀rọ tó ń ronú jókòó sẹ́yìn mi. Omi adágún náà ni wọ́n fẹ́ fi máa tu ẹ̀rọ wọn lára. Mi ò fẹ́ kí ará oko pariwo lójú wọn. Mo fi ẹnu sọ òótọ́ kí òfin má bàa mú mi, mo fi ọwọ́ sọ irọ́ kí ìpàdé lè tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọwọ́ ni wọ́n gbà gbọ́, ọmọ mi. Wọ́n padà sídìí ìkòkò tí wọ́n ń mọ."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Ta ni yóò gbọ́ ẹnu nígbà tí ojú àti ọwọ́ bá ń sọ tiwọn?

"Nítorí náà, bí mo bá fi ẹnu bẹ̀ wọ́n lónìí, mi ò tíì bẹ̀ wọ́n. Ara ló ṣẹ̀, ara ni kó bẹ̀. Àmọ́ ara tí mo fi ṣẹ̀ wọ́n ti kú ní ìdajì, ìdajì tó kù ń gbọ̀n. Mi ò mọ ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bó ti wù kó kéré mọ, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó ṣòfò."

"Olúwa," Ìbírónkẹ́ gbàdúrà sábẹ́ èémí, "má jẹ́ kí ara mi jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an. Má sì jẹ́ kó gbé èyí tí a rán an sọnù."

Ó jáde sínú oòrùn.

Ojúde Ẹ̀bẹ̀ yípo bí igbá, èrò kún un dé etí. Òṣùwọ̀n rọ̀ sókè láàárín, dígí ńlá tó ní àwọ̀ omi. Ó ń wo ẹni tó wà lórí ilẹ̀, ó ń wo ẹni tó wà lórí ibùsùn, ó ń fi ọ̀kan wọn èkejì. Ohùn kan láti Ilé Oríkì sì ki Olóyè wọlé, bí òfin ti wí pé kí a ki ẹlẹ́bẹ̀ kó má bàa dà bí ẹran tí wọ́n wọ́ wọ ọjà:

*Láṣebìkan, ọmọ ọlọ́wọ́ gbọọrọ,*
*ọmọ a-nawọ́-kí-àlejò-kó-tó-kan-ilẹ̀kùn,*
*ọwọ́ tó gbé ọmọdé, tí kò já a sílẹ̀,*
*ọwọ́ tó bá àgbà sọ ẹrù, tí kò sọ pé ó wúwo.*
*Bí ẹnu wọn bá dákẹ́ nílé, ọwọ́ wọn kì í dákẹ́.*

"Ọwọ́ wọn kì í dákẹ́ lóòótọ́!" ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín kíkorò.

Ìbírónkẹ́ ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀, torí bí ẹ̀wù náà ti gbé e nìyẹn. Ìdajì ara rẹ̀ wúwo bí àpò yanrìn.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ọlọ́run ló mú un."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, arúgbó ni. Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí. Wo àyà rẹ̀."

Àwọn ará Odò-Àmọ̀ ló jókòó síwájú, àwọn amọ̀kòkò tí wọ́n ti kó lọ sínú ilé alájà gíga níbi tí amọ̀ kò sí. Ìyá Àyọ̀ká wà láàárín wọn lórí àpótí kúkúrú. Omi gbé ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ pẹ̀lú iná ìsunkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Òun ni wọ́n yàn láti gba ẹ̀bẹ̀ tàbí láti kọ̀ ọ́. Bó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ẹlẹ́bẹ̀, ó ti parí. Bí kò bá gbé e, ó ti parí náà. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀ báyìí, ó ń wo iwájú.

Ohùn Olóyè jáde láti inú ẹ̀wù.

"Ẹ̀yin ọmọ Odò-Àmọ̀, ọmọ a-fi-ilẹ̀-mọ-ilé-fún-omi, mo ṣẹ̀ yín. Ẹnu mi ní kí ẹ sá, ọwọ́ mi ní kí ẹ jókòó. Ọwọ́ ni ẹ gbà gbọ́, ẹ kò jẹ̀bi. Ọmọ tí a bá kọ́ nílé, ojú àgbà ló ń wò kó tó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Mo ti ń fi ẹnu mi dá ara mi láre láti ìgbà yẹn. Mo jẹ̀bi. Ẹ foríjì mí."

Ìyá Àyọ̀ká gbé ojú sókè.

"A ti gbọ́, Olóyè. Ọ̀rọ̀ náà dára. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yín dára, ilé ẹjọ́ gbọ́ ọ, wọn ò rí àbùkù kan níbẹ̀. Ara yín ńkọ́? Kí lara yín wí?"

Ara dúró. Ó dúró gbagidi, orí sókè, apá ọ̀tún rọ̀, tòsì ń gbọ̀n díẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè, agbéraga ni yóò pè é.

"Bí òpó iná," ẹnìkan wí.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé jàre."

Ìbírónkẹ́ ń tẹ́tí sí ẹ̀wù náà pẹ̀lú gbogbo awọ ara rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó wá rí bí ẹni pé nǹkan kan fà á ní àyà, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kan ìwọ̀. Ó dá dúró. Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àbí ikọ́? Ó tún dé. Èyí kì í ṣe ikọ́. Gbogbo àyà rẹ̀ ń lọ síwájú, ń lọ sísàlẹ̀, bí korobá tí wọ́n sọ sínú kànga. Ní òdìkejì ìlú, arúgbó kan tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn ń gbìyànjú láti ṣubú.

*Má jẹ́ kó ṣòfò.*

Àánú rẹ̀ ṣe é débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nínú ìbòrí. Bẹ̀ wọ́n, ọkàn rẹ̀ wí, bá a bẹ̀ wọ́n. Ó sì bẹ̀ wọ́n bí ó ti ń bẹ ìyá rẹ̀, bí ó ti ń bẹ olùkọ́ rẹ̀, bí ó ti ń bẹ ìyá ọkọ rẹ̀: orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ra, ó dorí kodò.

Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò sì ní i lọ́kàn. Ó fọwọ́ bo ẹnu kíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti jáde. Kí Òṣùwọ̀n tó ké rárá, ojú gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ti rí i, torí kò sí èyí tí kò kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú wọn.

"Ọkùnrin wo ló ń kúnlẹ̀?"

"Kì í ṣe òun!"

"Ọmọ tó wà nínú ẹ̀wù ló ń bẹ̀bẹ̀! Bàbá yẹn kò mira!"

"Wọ́n tún fẹ́ tàn wá jẹ! Nígbà kìíní ọwọ́ ni, lónìí orúnkún ni!"

Ìyá Àyọ̀ká kò pariwo. Ó tẹ̀ síwájú lórí àpótí rẹ̀, ó wo ojú Olóyè tó wà lójú ìbòrí náà, bí ẹni tó ń wo ojú fèrèsé láti mọ ẹni tó wà nínú yàrá.

"Ta ni ọ́, ọmọ obìnrin?"

Ìgbà yẹn ni Òṣùwọ̀n ké. Àwọ̀ omi tó ní di àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. "Afaraṣojú bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹlẹ́bẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀," ó wí, pẹ̀lú ohùn tí kò bínú, tí kò sì káàánú. "Ẹ̀bẹ̀ ti bàjẹ́."

Nínú etí Ìbírónkẹ́, ohùn tó ń fà yẹn dé, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré.

"Ọmọ mi. Mi ò mọ ara mi mọ́. Ṣé mo ti dọ̀bálẹ̀?"

Ìbírónkẹ́ ya ẹnu. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó mi orí, rárá, rárá, rárá. Ṣùgbọ́n ìṣe ẹlẹ́bẹ̀ ni ẹ̀wù náà ń gbé wá sọ́dọ̀ afaraṣojú. Kì í gbé ti afaraṣojú padà.

"Ọmọ mi? Ṣé àyà mi ti kanlẹ̀?"

Wọ́n gé okùn náà.

Ọ̀gá Súnmọ́nù bọ́ ẹ̀wù náà lára rẹ̀. Làálì rẹ̀ padà sórí èékánná. Nígbà tó tó àkókò, ọkùnrin náà tan dígí kékeré kan tó máa ń pa ìṣirò Òṣùwọ̀n mọ́, ó fi hàn án: ìlà ara Olóyè wà lápá kan, ìlà tirẹ̀ wà lápá kejì. Ìlà Olóyè tẹ́jú gbọọrọ bí ilẹ̀, àyàfi ní àyà. Ní àyà, ó ga bí òkè.

"Wò ó fúnra rẹ. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bí o bá jẹ́ kí àyà lọ, kí o bá a ṣubú gbalaja, Òṣùwọ̀n kì bá tí ké. Òfin wà lẹ́yìn rẹ."

"Mo mọ̀ pé ó ń bẹ̀bẹ̀, sà. Mo gbọ́ ọ."

"O gbọ́ ọ. Àyà ló fà á. Orúnkún lo fi dáhùn." Ó pa dígí náà. Kò bá a wí mọ́. Ìyẹn gan-an ló dun Ìbírónkẹ́ jù. Gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Kí ni ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹ̀wù yóò rí ṣe sí i?

Ẹ̀rọ ìpè rẹ̀ dún. Ó gbé e sétí, ó ní "Ìnnà lílláhi," ó sì jókòó.

"Bàbá ti lọ," ó wí. "Wọ́n ní títí tí ẹ̀mí fi bọ́, ó ń bi àwọn nọ́ọ̀sì bóyá òun ti dọ̀bálẹ̀."

"Kí ni wọ́n sọ fún un?"

"Wọn ò sí ní Ojúde. Wọn ò mọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ilé Oríkì ki ìlú bó ti máa ń kì í. Ìbírónkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ohùn náà ki ilé tó ṣáájú ti Láṣebìkan, àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ tí iná ń bá ṣeré. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, níwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń fa èémí kan sínú. Ó sì bọ́ sí ilé tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá mọ̀ kì bá tí mọ̀ pé ohun kan já níbẹ̀.

Ó gbéra, ó lọ sí àwọn ilé alájà gíga. Ìyá Àyọ̀ká wà níta lórí àpótí rẹ̀, oòrùn òwúrọ̀ ń tàn sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Èmi ni mo gbé e lánàá."

"Mo mọ̀. Mo mọ orúnkún rẹ."

Ìbírónkẹ́ kò kúnlẹ̀. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin náà, bí ọmọkùnrin ṣe ń ṣe, títí àyà rẹ̀ fi kan símẹ́ńtì tútù. Àwọn tó ń kọjá dúró wò ó.

"Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀," Ìyá Àyọ̀ká wí.

"Mo mọ̀, Màmá. Kì í ṣe tèmi. Ìṣe Olóyè ni. Ó ti wà láyà mi láti àná, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e sí."

Ó pẹ́. Ìbírónkẹ́ ń gbọ́ èémí ara rẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

"Lánàá," Ìyá Àyọ̀ká wá wí, "ilẹ̀ lo ń wò, o ò rí ọwọ́ mi. Ó ti kúrò lórí itan mi. Mo rí àyà rẹ̀ tó fẹ́ wá, mo ti na ọwọ́ sí i. Ìkanlẹ̀ rẹ̀ ni mo ń dúró dè."

Ìbírónkẹ́ di ojú rẹ̀. "Ẹ wá gbé e lé mi lẹ́yìn, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Kí n lè gbé e dé ibojì rẹ̀."

"Bí mo bá gbé e lé ọ, ìwọ ni mo dárí jì. Ìwọ ò sì ṣẹ̀ mí."

Kò ní kó dìde. Kò ní kó máa lọ. Nígbà tí Ìbírónkẹ́ yí ojú díẹ̀ lórí ilẹ̀, ó rí òjìji ọwọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tó ti gbó sídìí amọ̀, ó ti nà jáde, ó dúró lófuurufú, kò rí ẹ̀yìn tí yóò sọ̀kalẹ̀ lé.